Owó Wo Ló Ń Kọ́ Ilé Ayálégbé n'Ìbàdàn?

Ní òdìkejì títì sí géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ló kún Agbowó, síbẹ̀ ilé náà kò tó. Ó ti pẹ́ tí iye akẹ́kọ̀ọ́ ti ju iye bẹ́ẹ̀dì inú họ́ọ̀lù lọ, ẹni tí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀dì gbà á sọdá títì lọ wá yàrá. Nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn UCH ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ á máa wá tirẹ̀ ní Bódìjà tàbí Mọ́kọ́lá. Ẹni tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ á máa wò ó títí dé Ring Road àti Challenge. Onílé tó bá ní yàrá mẹ́rin tàbí mẹ́fà tó dára ní irú àdúgbò báyìí kì í pẹ́ kó tó rí ẹni gbà á. Ìdí nìyí tí tíṣà, ìyá ọlọ́jà àti awakọ̀ tó ti ń ro ti ọjọ́ ogbó fi ń sọ pé, "Màá kọ́ ilé kékeré kan tí n ó máa gbowó rẹ̀."

Owó tí wọn yóò fi kọ́ ọ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Ilé tó ń dá onílé lágara nílùú yìí, kì í sábà jẹ́ pé ilé náà ló burú tàbí pé ayálégbé kò sí. Owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ni kò bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Ká ní ẹnìkan ní ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Agbowó, ó fẹ́ kọ́ sẹ́ẹ̀fù-kọ́ọ̀nù mẹ́fà sórí rẹ̀, iṣẹ́ náà yóò sì jẹ mílíọ̀nù 12 náírà. Ká ní yàrá kan ń mú 300,000 wọlé lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan àti 800,000 lọ́dún, ìyẹn náírà 15 lórí 100 náírà tó ná. A kò tíì yọ owó àtúnṣe, owó fífa sókàwéè, àti oṣù tí yàrá kan bá fi ṣófo. Ẹ wá wo báńkì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú 100. Wọ́n dín in kù sí 27 ní oṣù kẹsàn-án 2025, ṣùgbọ́n àwọn báńkì yòókù á tún lé tiwọn lé e kí wọ́n tó yá ẹnikẹ́ni lówó. Ẹni tó bá yá mílíọ̀nù 12 yẹn ní èlé 30 nínú 100, mílíọ̀nù mẹ́ta àti 600,000 ni èlé nìkan lọ́dún àkọ́kọ́. Bí yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kún, tí ẹnikẹ́ni kò sì jẹ gbèsè, ìdajì èlé ni owó ilé ká. Ojú owó ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun tó yé mi nínú ìṣirò yìí ni pé ilé ayálégbé n'Ìbàdàn kò lè fi owó ara rẹ̀ san gbèsè tó kọ́ ọ, bí gbèsè náà bá jẹ́ ti báńkì. Owó oṣù tàbí èrè ọjà ló máa san án. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yáwó kọ́lé, ìbéèrè méjì ni kó bi ara rẹ̀ kó tó buwọ́ lu ìwé kankan: bí yàrá kankan kò bá gbà fún odindi ọdún kan, níbo ni n ó ti rí owó san? Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi láti san án tán, ṣé ilé náà á ti lórùlé nígbà náà?

Báńkì tún ní ohun mìíràn tó ń lé èèyàn sẹ́yìn, ìyẹn ìwé ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Agbowó, Òrógùn àti Felele, ọwọ́ ẹbí ni wọ́n ti rà á. Rìsíìtì ẹbí, àgírímẹ́ńtì àti sọ́fè ló wà lọ́wọ́ olúwarẹ̀. Ṣùgbọ́n Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ dúró gba owó láìjẹ́ pé gómìnà yọ̀ǹda. Ní 1989, ẹjọ́ kan tó wà láàárín Savannah Bank àti oníbàárà rẹ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Wọ́n ti fi ilé dúró, owó sì ti jáde, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta ilé náà láti fi gba gbèsè rẹ̀, ilé-ẹjọ́ ní ìdúró yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti ìgbà náà, báńkì tó bá ní agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ kò ní fi rìsíìtì ẹbí yá ẹnikẹ́ni lówó ilé. C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fúnni, ni wọ́n máa bèèrè, wọ́n á sì tún ní kí gómìnà buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá ní lọ́kàn pé òun yóò fi ilé kan gba owó kọ́ òmíràn lọ́jọ́ iwájú, kó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lépa C of O rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí owó bá di kòṣeémánìí kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Ìgbà kan wà tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé owó ilé kalẹ̀ fún olówó oṣù. Ní 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ tó ń rí sí ilé kíkọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ni Ẹ́sítéètì Bódìjà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ tí owó oṣù wọn kò lè kọ́lé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló rí ibẹ̀ gbé. Bí owó àwọn àgbẹ̀ kòkó ṣe ń wọ Dùgbẹ̀ nígbà náà, kò yani lẹ́nu pé ó ṣeé ṣe. Ohun tó kù lónìí tó jọ ọ́ ni àpò owó ilé ti orílẹ̀-èdè, NHF, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1992, tó sì wà lọ́wọ́ báńkì ilé ti ìjọba àpapọ̀, FMBN. Báńkì yìí náà ti dàgbà: ní 1956 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lórúkọ mìíràn, ó di FMBN ní 1977. Òṣìṣẹ́ ń fi 2.5 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ sínú àpò náà. Ẹni tó ń gba 100,000, 2,500 ni tirẹ̀ lóṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó lè tọrọ owó ilé ní èlé 6 nínú 100, kó sì fi ọgbọ̀n ọdún san án, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá gbà á. Owó tó rọ̀ bí èyí ṣọ̀wọ́n ní orílẹ̀-èdè yìí.

Àmọ́ ilé tí olúwarẹ̀ máa gbé fúnra rẹ̀ ni owó yẹn wà fún, kì í ṣe ilé tó máa fi fún ayálégbé. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń purọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Mi ò gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá fi irọ́ gba owó ọgbọ̀n ọdún, ọgbọ̀n ọdún ló máa fi máa wẹ̀yìn. Ọ̀nà tó mọ́ wà. Ẹni tó fi owó NHF ní ilé tó ń gbé kò san owó ilé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Owó tó ń san fún onílé tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè máa fi kọ́ yàrá ayálégbé díẹ̀díẹ̀ níbòmíràn láìyá kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni ti owó ìfẹ̀yìntì. Láti 2022 ni PenCom, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, ti yọ̀ǹda kí òṣìṣẹ́ mú ìdá mẹ́rin kan nínú owó tó ti kó jọ, kó fi ṣe owó àkọ́san fún ilé tí yóò gbé. Tìyẹn náà kì í ṣe fún ayálégbé, ṣùgbọ́n ó ń tú owó mìíràn sílẹ̀.

Ní tòótọ́, bí ẹ bá bi àwọn onílé kéékèèké Agbowó àti Challenge léèrè ibi tí wọ́n ti rí owó, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ̀pọ̀ nínú wọn máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ìbàdàn sì ni ilé rẹ̀. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin tó fi ìdí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ẹ̀bá Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbá a mú. Ní 1943 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀, Ẹlẹ́yẹlé ló wà títí dòní. Ní 1953, àwọn ẹgbẹ́ náà dá báńkì tiwọn sílẹ̀ nílùú yìí, Co-operative Bank. Báńkì náà ti wọ inú àwọn báńkì mìíràn lọ láti 2006, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn kò kú. Wọ́n wà ní yunifásítì, ní UCH, ní sẹkitéríàtì, láàárín àwọn tíṣà, láàárín àwọn ọlọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn. Oṣooṣù lo máa ń fi owó pamọ́. Lẹ́yìn àkókò kan, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á yá ọ ní ìlọ́po méjì ohun tó o ti fi pamọ́, èlé rẹ̀ kì í sì í tó ti báńkì rárá. Ká ní tíṣà kan ń fi 40,000 pamọ́ lóṣù. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti ní 960,000, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ 1,920,000. Bí èlé gbogbo ìyáwó náà bá jẹ́ 10 nínú 100, 2,112,000 ni yóò san láàárín oṣù 24, ìyẹn 88,000 lóṣù. Ó wúwo fún tíṣà, mi ò ní purọ́. Tíṣà tí kò bá ní iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ọkọ tàbí aya kò bá kún un lọ́wọ́, kó yá iye tó kéré sí i.

Fọ́ọ̀mù ìyáwó yẹn ló wù mí kí èèyàn wò dáadáa. Kò ju ojú-ìwé kan sí méjì lọ. Wọ́n á bi ọ́ ní iye tó o ti fi pamọ́, iye tó o fẹ́, ohun tó o fẹ́ fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni àyè onídùúró méjì. Onídùúró kọ̀ọ̀kan á kọ orúkọ rẹ̀ àti iye tí òun náà ní nínú ẹgbẹ́, á buwọ́ lù ú, nítorí bí o kò bá san, inú ìfipamọ́ tirẹ̀ ni wọn yóò ti yọ ọ́. Báńkì ń wo ìwé ilẹ̀ rẹ, àmọ́ onídùúró ń wo ìwọ gan-an. Ó mọ̀ bóyá o ń mutí. Ó mọ̀ bóyá o ṣì jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lówó láti ọdún àná. Ní ọ̀sán Sátidé kan, á yà síbi tí o ti ń kọ́lé, á ka búlọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀, kò sì ní sọ ohun tó wá ṣe. Lójú tèmi, ìyẹn lágbára ju ìwé ìdúró lọ, òun sì ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ owó alájẹṣẹ́kù ṣègbé.

Ohun tí ẹni tó ń fi owó alájẹṣẹ́kù kọ́lé gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ibi tí ìyáwó kọ̀ọ̀kan yóò parí sí. Kó má parí síbi tí ohun tó rà ti máa bàjẹ́. Ìpìlẹ̀ lè gba òjò, ògiri tó dé léńtẹ́ẹ̀lì náà lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tó wà nínú àpò á dì, pákó tó wà nílẹ̀ á jẹrà tàbí kí wọ́n jí i kó. Nítorí náà, kí ìyáwó àkọ́kọ́ gbé ìpìlẹ̀ àti ògiri, kí èkejì kan òrùlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì parí yàrá méjì pátápátá: ilẹ̀kùn, iná, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ rìn wọ àdúgbò yín, ẹ máa rí ilé tí yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ dé orí fèrèsé, tí koríko ti ń hù nínú gbogbo wọn. Owó tó wà níbẹ̀ ìbá ti parí yàrá méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ ì bá máa gbé.

Èésú àti àjọ náà ń kọ́lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kékeré ló ń tinú wọn jáde. Àjọ ti alájọ tó ń gbé káàdì kiri, ìfipamọ́ lásán ni, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì jẹ́ ti alájọ. Èésú ló jọ ìyáwó. Bí èèyàn 12 bá ń dá 100,000 lóṣù, ẹnìkan á kó mílíọ̀nù kan àti 200,000 lóṣooṣù. Ẹni tó kó o lákọ̀ọ́kọ́ ti yá owó àwọn 11 yòókù láìsan èlé. Ẹni tó kó o kẹ́yìn ló yá wọn. Nígbà tí ọjà ń gbówó lórí báyìí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí àwọn méjèèjì lè fi owó kan náà rà. Ní oṣù kejì 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan ré kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ kí ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé kó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi òun síwájú. Bí wọn kò bá gbà, kó máa fi owó tirẹ̀ ra búlọ́ọ̀kù àti irin bó ṣe ń wọlé.

Ní ojú títì Challenge, Ring Road àti Dùgbẹ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti gbówó lórí, owó ayálégbé fúnra rẹ̀ ló ń parí ilé nígbà mìíràn. Onílé ti mọ ògiri dé òkè, owó tán. Ẹni tó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù á ní òun yóò kan páànù, òun yóò ṣe ilẹ̀kùn onírin, kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó ṣọ́ọ̀bù. Ó dára, kò sí èlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ó ná mílíọ̀nù méjì, tí ṣọ́ọ̀bù náà sì jẹ́ 400,000 lọ́dún, ọdún márùn-ún gbáko ni onílé kò ní rí kọ́bọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù gbogbo àdúgbò á sì máa lọ sókè láàárín ìgbà náà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n á tún iye ọdọọdún yẹ̀ wò, kí onílé sì fojú ara rẹ̀ rí gbogbo rìsíìtì. Ẹbí tó ní ilẹ̀ lójú títì náà máa ń ṣe irú èyí lọ́nà tó tóbi: olówó á kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ wọn, á máa gba owó rẹ̀ fún iye ọdún tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, lẹ́yìn náà á dá ilé àti ilẹ̀ padà fún ẹbí. Àwọn baba wa mọ ohun tó jọ ọ́, wọ́n máa ń fi oko kòkó dógò, ohun tí a fi dógò kì í sì í di ti olówó láéláé. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ìgbà yẹn ń kú, ọmọ wọn kì í sì í mọ ohun tí wọ́n sọ. Kí agbẹjọ́rò kọ ọ́, kí mọ̀lẹ́bí tó jẹ́ olórí buwọ́ lù ú, kí ọjọ́ ìdápadà wà níbẹ̀ gedegbe.

Mùsùlùmí tí kò fẹ́ fọwọ́ kan èlé ní ọ̀nà tirẹ̀. Jaiz Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti mọ́ṣáláṣí náà ń ṣe múràbáhà. Wọn kì í fún ọ lówó. Wọ́n á ra irin, sìmẹ́ńtì tàbí páànù, wọ́n á tà á fún ọ ní iye tí èrè tiwọn wà nínú rẹ̀, wàá sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá lè fẹ́: owó páànù kò lè di aṣọ òde, nítorí páànù ló dé ọwọ́ rẹ.

Èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ sá fún ni owó sọgúndogójì, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ olówó èlé àdúgbò tàbí lórí fóònù. Owó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ni, oṣooṣù ni wọ́n sì ń ka èlé rẹ̀. Bí èlé bá jẹ́ 5 nínú 100 lóṣù, 60 nínú 100 ni lọ́dún. Ọlọ́jà tó ń ta tòmátì ní Bódìjà lè yá a ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, kó san án kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kó sì jèrè. Ilé kì í ta bẹ́ẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí ẹ fi irú owó yẹn gbẹ́, àwọn tó ń sin gbèsè ló máa kọ́kọ́ dúró lórí rẹ̀.

Kò sí olówó tó máa dá gbèsè dúró nítorí pé ilé wó. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, àgbàrá ya lu Ìbàdàn, ó kó ilé àti afárá lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, ohun abúgbàù dún ní Bódìjà, ó pa èèyàn, ó sì fọ́ ilé lọ bẹẹrẹbẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ló kó o pamọ́ sínú ilé tí wọ́n ń gbé. Ẹni tó fi owó alájẹṣẹ́kù kọ́lé, kó má kọ́ ọ sí etí odò nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n, kó mọ ẹni tí òun fún ní kọ́kọ́rọ́, kó sì bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò sọ̀rọ̀ ní ọdún tí ó kan òrùlé.

Nígbà tí yàrá méjì àkọ́kọ́ bá gbà, 600,000 á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ ayálégbé n'Ìbàdàn ń san owó ilé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣìnà, nítorí pé owó náà jọ èrè lójú wọn. Kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, kí wọ́n kó ìyókù padà sínú alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n sì máa fi owó oṣù san gbèsè tó wà nílẹ̀ bí wọ́n ti ń san án bọ̀. Bí 500,000 bá kún 960,000 ti tíṣà wa, ìfipamọ́ rẹ̀ di 1,460,000, ìyáwó tó tún lè gbà lẹ́yìn tó bá san gbèsè tó wà nílẹ̀ tán á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ìyẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í parí yàrá mẹ́rin tó kù.